Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé-iṣẹ́ Àṣà àti Ìrìnàjò Afẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ẹ Bá Wa Fi Àmì sí Aṣọ Tí Wọ́n Fi Èlú Rẹ

Ẹ̀yin aláṣẹ wa ní Sẹkitéríàtì, Agodi, Ìbàdàn,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Aṣọ ni mò ń tà. Adìrẹ ló pọ̀ jù nínú ọjà mi, òfì náà sì máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí ìyàwó bá pọ̀ nígboro. Mo lè fi ìwé yìí sínú àpò kí n gbé e wá bá yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó bá ti ra aṣọ aláró rí ní ìlú yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta kí gbogbo wa jọ kà á. Ohun kan ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ bá wa dá àmì kan sílẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, tí yóò máa wà lára aṣọ tí wọ́n fi èlú, ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pa aró, rẹ nìkan, kí ẹni tó ń rà á mọ ohun tó ń rà, kí ẹni tó rẹ ẹ́ sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Ẹ wá sí ìsọ̀ èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ta adìrẹ lónìí, ìbáà jẹ́ ní Gbági, ìbáà jẹ́ ní Dùgbẹ̀. Oríṣi aṣọ mẹ́ta lẹ máa bá lórí okùn kan náà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé èlú ni aláró fi rẹ ẹ́ nínú ìkòkò, ó sì lè lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lórí rẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ aró òyìnbó tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti háídírọ̀, kẹ́míkà méjì tó ń mú kí aró náà tètè ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbẹ. Èyí tó kù kò tilẹ̀ fojú kan aró rí. Ẹ̀rọ ló tẹ àwòrán adìrẹ sí i lára ní China, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Adìrẹ sì ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu wa. Oníbàárà á béèrè pé, "Ìyá, ṣé ojúlówó nìyí?" Òǹtajà á ní ojúlówó ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Bí ẹni tó tà á fún un ṣe sọ ọ́ ni òun náà ṣe ń sọ ọ́, kò sì sí ohun kan lára aṣọ náà tó lè já a nírọ́.

Ẹni tí èyí ń dùn jù ni ìyá tó ṣì ń po eérú, tó ṣì ń dúró de èlú kó kan. Bí aṣọ mẹ́ta bá ti ń jẹ́ orúkọ kan, iye èyí tó rọjú jù ni oníbàárà yóò máa fẹ́ san lórí gbogbo wọn. Bí ìyá bá dá iye tó tọ́ lé tirẹ̀, wọ́n á ní ó ti wọ́n jù, wọ́n á tọ́ka sí ti ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá tà á ní iye tí wọ́n ń fẹ́, ó ti jẹ gbèsè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wò ó bó ṣe ń jìyà, kò sì ní kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀bi ọmọ kọ́.

Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí má tíì débi tí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn. Ewé èlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ṣì rọ̀, ni wọ́n ń já. Wọ́n á gún un lódó títí yóò fi kúnná tí yóò sì dúdú, wọ́n á fọwọ́ ṣù ú, wọ́n á sá a sóòrùn. Ṣíṣù yìí ni wọ́n ń gbé wá sọ́jà. Èyí tó le níbẹ̀ ni omi eérú. Wọ́n á po eérú igi mọ́ omi, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á tún fi iná sun ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fọ́ ọ sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, tí wọ́n gbé ka orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á sì máa bu omi lé e. Omi náà á máa kán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú ti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Bí omi eérú kò bá lágbára tó, èlú kò ní yọ́. Bó bá sì le jù, aró á bàjẹ́ kí aṣọ tó dé inú rẹ̀. Aláró kò ní ẹ̀rọ kankan tó fi ń wọ̀n ọ́n. Ahọ́n rẹ̀ ló fi ń tọ́ ọ wò, ó sì ń mọ̀. Bó bá ti dá a lójú, á fọ́ èlú sínú rẹ̀, á dé e, á fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje kó kan dáadáa. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agboolé. Imú ló tún fi ń mọ ọjọ́ tó pé.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí aṣọ ṣe ń jáde níbẹ̀ lójú ara yín, torí òun ló so mí mọ́ ọjà yìí títí dòní. Bí ìyá aláró bá kọ́kọ́ fa tẹ́rú, aṣọ funfun tí wọ́n rì sínú aró, yọ nínú ìkòkò, kì í dúdú rárá. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, pẹ̀lú ìpọ́n díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Àfi kí atẹ́gùn fẹ́ sí i o! Àwọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí níṣojú yín: ibi tó kọ́kọ́ gba atẹ́gùn ló ń kọ́kọ́ dúdú, inú ìṣẹ́po aṣọ á ṣì máa ṣe bí ewé, tí ìyá bá sì tẹ́ ẹ, ìyẹn náà á yí. Ohun tó fà á ni pé nínú ìkòkò tí atẹ́gùn kò sí, èlú ti yọ́ mọ́ omi, ó sì ti wọ inú òwú lọ. Nígbà tí atẹ́gùn bá kàn án níbẹ̀, ó di ohun tí omi kò lè tú mọ́, ó ti há sínú òwú. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó aró fi máa ń bá ẹni pẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó. Wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a. Iye ìgbà tó bá wọ ìkòkò ló ń pinnu bí yóò ṣe dúdú tó. Èyí tó bá dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kọ mọ̀nà, tí wọ́n tún wá fi igi lù kó lè máa dán, ẹ má ṣe bá ìyá tó ṣe é ná an ní ìnákúnàá.

Bó bá wá jẹ́ adìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹlòmíràn ti ṣiṣẹ́ kí aṣọ tó dé ọ̀dọ̀ aláró. Láfún tí wọ́n sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ni, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sì fi ń ya á sára tẹ́rú. Ibi tí láfún bá ti wà, aró kò ní wọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán Ìbàdàn Dùn, tí wọ́n fi ń mọ̀ wá kárí ayé, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà ṣe é. Ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ bá tún rí i: òpó Gbọ̀ngàn Màpó ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú síbí láàárín wọn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Màpó. Àwọn obìnrin wo òpó ilé tuntun náà lórí òkè, wọ́n sì sọ ọ́ di aṣọ. Mi ò tíì rí ìtàn ìlú yìí tí wọ́n kọ sórí ìwé tó dùn mọ́ mi tó èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kọ.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yín ni pé, ṣé irú àmì bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí? Ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi dé orílẹ̀-èdè Tọ́kì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi irun àgùntàn hun rọ́ọ̀gì. Àgùntàn tiwa níhìn-ín kò ní irú irun bẹ́ẹ̀. Irun kúkurú ló wà lára wọn, òwú la sì fi ń hun aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nítòsí lè lọ sí Mali, níbi tí àwọn Fúlàní ti ní àgùntàn Macina, tí wọ́n ń fi irun rẹ̀ hun kúbùsù tí wọ́n ń pè ní kasa. Omi eérú wa tó le yẹn pàápàá, bí wọ́n bá ki irun àgùntàn bọ̀ ọ́, yóò jẹ ẹ́ ni. Òwú ló lè gbà á mọ́ra. Nítorí náà iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tó dé bá wọn àti ohun tó dé bá wa, ọ̀kan náà ni.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn obìnrin abúlé lọ́hùn-ún ti ń fi egbò àti ewé rẹ irun àgùntàn kí wọ́n tó fi hun rọ́ọ̀gì. Egbò kan wà tí wọ́n ń pè ní kökboya, tó ń fún wọn ní àwọ̀ pupa. Ó ń lo ọdún bíi mẹ́ta nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó wú u. Wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì sè é pẹ̀lú irun tí wọ́n ti rẹ sínú omi álọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá fẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n á fi aró rẹ ẹ́, wọ́n á tún fi ewéko tó ń mú àwọ̀ ìyeyè wá rẹ ẹ́ lé e. Ní ọdún 1856, ọmọ ọdún méjìdínlógún kan ní London, William Perkin, ń wá bí yóò ṣe ṣe kuníìnì, oògùn ibà, àwọ̀ àlùkò ló já sí i lọ́wọ́. Bí aró ilé-iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1869, àwọn ará Jámánì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe pupa egbò yẹn láìsí egbò. Ní 1897, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà Jámánì kan, BASF, gbé irú aró èlú tí kò ti inú ewé wá sọ́jà, aró náà sì dé ọ̀dọ̀ tiwa níkẹyìn. Àwọn obìnrin Tọ́kì ra aró òyìnbó nítorí ó yá. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ni oòrùn máa ń mú ṣá, òmíràn máa ń ṣàn bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọgọ́rùn-ún ọdún sígbà náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tó mọ bí ìyá àgbà ṣe ń rẹ ẹ́.

Ọmọ Jámánì kan tó mọ̀ nípa kẹ́míkà, Harald Böhmer, tó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Tọ́kì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọ̀ ara rọ́ọ̀gì àtijọ́ wò láti mọ ewéko tí wọ́n fi rẹ wọ́n. Ó rí i pé àwọn ewéko náà kò lọ síbì kankan. Wọ́n ń hù káàkiri lẹ́bàá ọ̀nà àti nínú oko níbẹ̀. Ní 1981, ètò kan tí wọ́n ń pè ní DOBAG, tí Yunifásítì Marmara wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní àwọn abúlé agbègbè Ayvacık. Lẹ́yìn náà ó dé Yuntdağ. Wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé ní ohun tí ìyá ìyá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kíkọ́ nìkan ni, n kò rò pé a ó máa sọ̀rọ̀ wọn lónìí. Ohun tó gbé e ró ni pé wọ́n ń fi ẹ̀rí mọ́ rọ́ọ̀gì tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn jáde, pé ewéko ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ọwọ́ ni wọ́n sì fi hun ún, yunifásítì sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Ẹni tó wà ní ìlú òkèèrè, tí kò mọ kökboya yàtọ̀ sí ata, rí ohun tó lè gbára lé, ó sì san owó tó tọ́.

Ibí ni ẹnìkan nínú yín yóò ti sọ pé kò le: kí á máa gbé aṣọ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀nà ibẹ̀ yọ̀. Nínú egbò pupa ti Tọ́kì, àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, wọ́n lọ́pọ̀ mọ́ra wọn. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe sì jẹ́ ẹyọ kan péré. Ẹ̀rọ lè tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Aró tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú aṣọ dúdú nínú èlú àti ohun tó wà nínú aró ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan náà ni, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ inú òkun àti iyọ̀ tí wọ́n wa nínú ilẹ̀ ṣe jẹ́ iyọ̀. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó bá èlú jáde nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ hàn, wíwá wọn sì gba owó àti àkókò. Bí ẹ bá gbé àmì yìí ka orí yàrá ìwádìí nìkan, ayédèrú yóò gba ẹ̀yìn yín wọlé.

Ìdí ìkòkò ni kí àmì náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kọ orúkọ àwọn aláró tó ṣì ń fi èlú ṣiṣẹ́ sílẹ̀, àdúgbò sí àdúgbò, kí ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Kí àwọn tí yóò máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ àgbà aláró fúnra wọn, kí ẹ sì máa sanwó fún wọn bí ẹ ṣe ń sanwó fún ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ti fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò láti ìgbà ọmọge, tó bá dé ibi tí wọ́n ti bu háídírọ̀ sí aró, kí ó tó jókòó ni yóò ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Kí aláró máa kọ iye ṣíṣù èlú tó rà sílẹ̀, torí ṣíṣù díẹ̀ kò lè pa aṣọ rẹpẹtẹ láró. Bí iye aṣọ tó kó jáde bá ju èlú tó rà lọ, ìwé ti sọ̀rọ̀. Àmì náà, ẹ má ṣe lo bébà o. Kí ó jẹ́ aṣọ pélébé tí wọ́n rán mọ́ etí rẹ̀, tí omi kò lè mú lọ, tí orúkọ ẹni tó rẹ ẹ́, ti ẹni tó ya á, àdúgbò wọn àti nọ́ńbà ìkòkò wà lára rẹ̀. Orúkọ àwọn obìnrin yìí ṣe pàtàkì sí mi ju ohun gbogbo lọ. Òǹkọ̀wé ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé, ẹni tó ń ya àwòrán ń kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Èwo ni ti ẹni tó ya òpó Màpó tí kò lórúkọ?

Òfì náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Abẹ́ yín ni Ìsẹ́yìn wà, ẹ̀yin náà sì mọ ẹtù. Òwú tí wọ́n ti rì sínú aró lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n fi ń hun ẹtù àtijọ́ kó tó dúdú bẹ́ẹ̀. Lónìí, òwú tí wọ́n ti rẹ wá láti ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń rà. Bí ẹnìkan bá ṣì ń hun ti èlú, kí àmì yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èlú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ilé ti gba ọ̀pọ̀ igbó tí àwọn ìyá wa ti ń já a. A kò ní láti rìn jìnnà wá ìrànlọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti ìjọba àpapọ̀, FRIN, wà ní Jẹ́ríkò níbí. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n bá wa gbin èlú, kí wọ́n máa fún àgbẹ̀ ní irúgbìn rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé àwọn tó ń fi aró òyìnbó ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, àbúrò mi ni yín, ọjà yín wà nínú ìsọ̀ mi, n kò sì ní kó o kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tiyín náà. Mi ò bẹ ìjọba pé kí wọ́n fòfin dè yín, ẹni tó bá sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta kò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn oníbàárà tó ń wá láti Senegal àti Gold Coast (Ghana òde òní) ń ráhùn pé adìrẹ kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin aláró tí ohun èlò yẹn ti di ọ̀nà oúnjẹ wọn dìde, wọ́n bá òfin náà jà, ọ̀rọ̀ sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí. Fífi òfin lé ènìyàn kúrò nídìí ọjà rẹ̀ ló dá ìjà yẹn sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí oníkálukú ta tirẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ayédèrú lókè òkun nìkan ni kò ní fẹ́ gbọ́ èyí.

Ẹ má dúró di ìgbà tí owó ńlá bá wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ìkòkò tó ṣì wà nígboro Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí aṣọ àkọ́kọ́ tó ní àmì bá jáde, èmi yóò ta okùn tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìsọ̀ mi, n ó kọ iye rẹ̀ síbẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i, n ó sì sọ fún ẹni tó bá béèrè ìdí tó fi wọ́n. Mo mọ àwọn aláṣọ mìíràn tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí aró tó ń kan lọ́wọ́, ẹ ránṣẹ́ sí olórí ẹgbẹ́ wa lọ́jà, a ó mú yín lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tí yóò ṣí ìdérí ìkòkò fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ẹni tó lè kọ̀wé dání, torí ìyá náà ti dàgbà, ohun tó mọ̀ sì pọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Aláṣọ kan n'Ìbàdàn